Ifọ́n méjì, Olúfọ́n méjì

Pátákó ojú ọ̀nà ni mo ń wò. Wọ́n kọ "Ifon-Osun" gàdàgbà, kò sí àmì ohùn kankan lórí ẹ̀.

Ìlú Olúfọ́n nìyí.
Ifọ́n mìíràn wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Olúfọ́n náà ni wọ́n ń pe ọba tiwọn.

Ìlobùú tó múlé tì wá ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn.
Kwara náà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn tiwọn, Òmù-Àrán ni olú ìlú rẹ̀.
Orúkọ rere ni, kí ìrẹ́pọ̀ máa pọ̀ sí i.

Àmọ́ "Osun" orí pátákó yẹn tí kò lámì ńkọ́?
Ṣé odò Ọ̀ṣun ni, àbí osùn tí wọ́n fi ń kun ìyàwó?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa fàmì sórúkọ ìlú wa, kọ́mọ tá a bí sẹ́yìn odi lè pè é bó ṣe yẹ.

Orúkọ wo ló jọra lọ́dọ̀ tiyín?