Ta Ló Ń Wọn Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀ Aláàwẹ̀?



Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń di àríyànjiyàn láàárín àwa ọ̀dọ́ ní Ajue níbí nígbàkígbà tí oṣù Ràmàdáánì bá ti ń sún mọ́lé. Àwọn kan a ní ẹni tó gbààwẹ̀ kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù, kò gbọdọ̀ roko, kó máa sùn títí oòrùn yóò fi wọ̀ ni. Àwọn mìíràn a ní irọ́ ni, pé ọkùnrin gidi kì í mọ ààwẹ̀ lára. Lójú tèmi, ẹ̀rù àwọn ti ìṣáájú pọ̀ jù, ìgboyà àwọn ti ìkejì náà sì pọ̀ jù. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè ni pé, kí ló ń bọ́ ara nígbà tí ẹnu kò jẹun?

Gbogbo ṣúgà tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá kò ju nǹkan bíi gíráàmù 5 lọ. Ṣíbí tíì kan péré ni! Ọpọlọ kò sì fẹ́ kó wọ́n òun rárá. Bó bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, ó ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Bó bá kéré jù, òòyì á kọ́ni, èèyàn sì lè dákú. Ta wá ni ń wọn ṣíbí kan yìí tọ̀sán tòru tí kì í fi í kún jù, tí kì í fi í gbẹ?

Họ́mónù ni. Ìránṣẹ́ ni wọ́n. Ẹ̀yà ara kan á rán wọn sínú ẹ̀jẹ̀, wọn á sì lọ jíṣẹ́ fún ẹ̀yà ara mìíràn tó jìnnà. Ernest Starling, onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ́kọ́ lo orúkọ yìí fún wọn nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ọdún 1905.

Ẹ wo ẹni tó jẹ iṣu ní sààrì. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á gòkè. Ẹ̀yà ara kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ, tí wọ́n ń pè ní páńkíríásì, á rán ínsúlínì jáde. Ínsúlínì á ṣílẹ̀kùn iṣan kí ṣúgà lè wọlé, á sì ní kí ẹ̀dọ̀ kó èyí tó ṣẹ́ kù pamọ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń kó àgbàdo sínú àká. Ẹ̀dọ̀ lè pa nǹkan bíi gíráàmù 100 mọ́. Iṣan gbogbo ara lè pa tó 400. Bó bá wá di ọ̀sán tí ikùn ti ṣófo, ínsúlínì á rọlẹ̀, páńkíríásì kan náà á sì rán ìránṣẹ́ kejì, gúlúkágọ̀nù, pé kí ẹ̀dọ̀ ṣí àká. Bí wákàtí ṣe ń lọ, ọ̀rá ara náà á máa yọ́ láti kún un. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ní mọ́sálásí tó ń ka Àlùkùránì kò ní mọ̀ pé nǹkankan ń ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí onítọ̀hún gbé àdá wọ oko kòkó. Kíá ni àwọn ẹ̀yà kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín bíi fìlà á tú adirẹnálínì sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sí apá àti ẹsẹ̀, ẹ̀dọ̀ á ṣí àká gbàragada, ínsúlínì á sì tún rọlẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìránṣẹ́ mìíràn á ti inú ọpọlọ wá sọ fún kíndìnrín pé kó má fi omi ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ aláàwẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fi máa ń kéré tó sì máa ń pọ́n. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà fúnra rẹ̀, kì í dúró de ínsúlínì. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń rọ àwọn tó ní àtọ̀gbẹ pé kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn.

Ẹ rántí Hakeem Ọlájuwọ̀n, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1963, tó gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún Houston Rockets ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejì ọdún 1995, oṣù Ràmàdáánì ni, ó ń gbààwẹ̀, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù. Òun kan náà ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dáńgájíá jù lọ fún oṣù náà. Ara tó dá ni, àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ sì pé.

Ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Àtọ̀gbẹ wà lára wọn, oògùn oníhóró ni wọ́n ń lò. Nínú ààwẹ̀ ọdún 2024, wọ́n lo oògùn wọn ní sààrì bí ìṣe wọn, wọ́n sì bá wa lọ ṣán oko. Ooru mú gan-an lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ sí àkókò àìlà, mo rí i pé òógùn bò wọ́n lábẹ́ òjìji, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó ná.”

“Kò sí ohun tó ṣe mí. Jẹ́ ká ṣán ibi tó kù yìí tán.”

Ibi tí wọ́n ń tọ́ka sí, a ti ṣán an láti àárọ̀.

Ọmọ wọn sáré lọ sí abà, ó gbé ṣúgà tí ìyá rẹ̀ tọ́jú fún ẹ̀kọ ìṣínu wá. A pò ó mọ́mi, a fún wọn mu. Nígbà tó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n mọ ibi tí wọ́n wà, omijé sì bọ́ lójú wọn nítorí ààwẹ̀ tó já. Àìsàn wọn kò dùn wọ́n tó ìyẹn. Ààfáà wa ló tù wọ́n nínú pé Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún aláìsàn kó san án pa dà.

Dókítà kan ní Ọ̀rẹ̀ ló ṣàlàyé fún wa. Ó ní gbígbọ̀n àti òógùn yẹn, adirẹnálínì ló ń ké pé ṣúgà ti tán. Irú oògùn tí wọ́n lò máa ń ti páńkíríásì kó tú ínsúlínì jáde, yálà èèyàn jẹun tàbí kò jẹun. Ara ọmọ Ọlájuwọ̀n mọ bó ṣe ń dá ínsúlínì dúró bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀. Oògùn kò mọ̀ ọ́n. Iṣan ń kó ṣúgà lọ, ínsúlínì ń kó o lọ, ẹ̀dọ̀ kò sì rí àyè ṣí àká bó ṣe yẹ. Abẹ́rẹ́ ínsúlínì náà, bó bá ti wọ ara, kò ṣeé pè pa dà.

Ó ní kí wọ́n máa wá rí òun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ààwẹ̀ tó dé. Bí ẹ̀rọ ìwọnṣúgà bá fi ohun tó kéré sí 70 mg/dL hàn, tàbí tó ju 300 lọ, kí wọ́n ṣínu lójú ẹsẹ̀. Fífi abẹ́rẹ́ gún orí ìka láti wọn ṣúgà kì í ba ààwẹ̀ jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wa. (Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ èyí, wọn kì í sì í wọn ṣúgà wọn lóṣù ààwẹ̀ nítorí rẹ̀.) Ó ní àwọn kan wà tí òun kì í gbà nímọ̀ràn láti gbààwẹ̀ rárá: aláboyún tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já wálẹ̀ gan-an.

Nígbà tí ààwẹ̀ 2025 fi máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, dókítà ti pààrọ̀ oògùn wọn, ó sì ti gbé e sí àkókò ìṣínu. Wọn kò ṣán oko kọjá aago mẹ́sàn-án àárọ̀ mọ́. Dókítà ní ìdúró àti rúkúù àṣàmù náà wà lára eré ìdárayá, inú wọn sì dùn sí ìyẹn púpọ̀. Inú ìborùn ni wọ́n máa ń di ẹ̀rọ kékeré náà sí lọ sóko. Ní ọjọ́ kọkànlá, 66 ló jáde. Ẹnikẹ́ni kò bá wọn jiyàn, wọ́n mú dàbínù mẹ́ta jẹ, wọ́n mu omi, wọ́n sì ní kí n bá àwọn kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n jẹ lọ́dún yẹn. Kí ọdún náà tó parí, nígbà tí ọyẹ́ ti dé, dókítà gbà fún wọn, wọ́n sì san mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.