Agége Wo?

Ọmọ Agége ni mí. Bí mo bá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, akọ̀wé á ní: "Agége wo?" Ìbéèrè gidi ni o.

Ilẹ̀ wa pẹrẹsẹ, rélùwéè gba àárín rẹ̀ kọjá. Kò ṣípò rí, àmọ́ ìjọba ò yé pín in. Abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, ní Ìbàdàn, la wà títí di ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967, tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ní 1996, wọ́n gé Ìfàkò-Ìjàyè kúrò lára wa. Ní 2003, ìjọba Èkó fi káńsù 37 kún 20 tó wà, Orílé Agége sì yọjú.

Àbújá kọ̀ jálẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2004, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Èkó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò tíì parí àfi tí ilé aṣòfin àpapọ̀ bá fọwọ́ sí i. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 péré ni ìwé òfin 1999 kọ fún Èkó.

Ẹ ò rí i báyìí? Oúnjẹ ẹni 20, ẹni 57 ló jókòó tì í. Torí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí káńsẹ́lọ̀ bá wá tọrọ ìbò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í ní ìrẹsì. Ẹ bi í pé: èló ló ń kan àdúgbò wa?