Henry Jones àti Káàdì Tó Ń Sọ̀rọ̀

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, òwe yìí ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ka ìtàn dókítà ará Lọ́ńdọ̀nù kan tí eré káàdì sọ di olókìkí. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi.

Nígbà tí mo wà ní collège ní Àjàṣẹ́, àwa mẹ́rin la máa ń ta belote lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa lásìkò ìsinmi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ni ẹnìkejì mi. Èmi àti ẹ̀gbọ́n yìí dá ẹnà kan sílẹ̀ láàárín ara wa: bí mo bá fọwọ́ kan etí, cœur ló pọ̀ lọ́wọ́ mi, bí mo bá húkọ́, pique ni. A pa àwọn méjì yòókù láyò títí ọ̀sẹ̀ fi parí, a sì tún bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ẹ̀gùn tí ilé wọn kángun sí tiwa, ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ ni. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. N kò bi í léèrè ìdí rẹ̀, nítorí mo mọ̀ ọ́n.

Henry Jones ni orúkọ dókítà tí mo ń wí. Wọ́n bí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 1831. Ilé ìwòsàn St Bartholomew's ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì ń ṣe ìṣègùn títí di ọdún 1869 kó tó fi í sílẹ̀. Whist ni eré tó gbà á lọ́kàn. Ẹni mẹ́rin ló ń ta á, méjì ń kojú méjì bíi ti belote wa, ṣùgbọ́n káàdì 52 ni wọ́n ń lò, 13 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdílé mẹ́rin náà kò yàtọ̀ sí èyí tí a mọ̀, ọ̀kan nínú wọn a sì máa jẹ́ atout. Kálukú á sọ káàdì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá borí ló kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹnu sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Jones kọ́ ló kọ́kọ́ kọ̀wé lórí whist. Edmond Hoyle ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1742. Ohun tó mú ti Jones yàtọ̀ ni bí ó ṣe ń wádìí. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan á ta eré, wọ́n á kọ gbogbo káàdì tó jáde sílẹ̀, wọ́n á wá jókòó jiyàn lórí ìdí tí a fi sọ èyí dípò ìyẹn. Ṣé bí àwa náà ṣe ń tú gbólóhùn palẹ̀ kọ́ nìyẹn? Ní ọdún 1862, ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. “Cavendish” ló pe ara rẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ kan tó ti máa ń ta káàdì. Lẹ́yìn náà ló ń kọ̀wé lórí eré nínú ìwé ìròyìn The Field. Òun náà tún wà lára àwọn tó ṣètò òfin ìdíje tẹ́níìsì àkọ́kọ́ ní Wimbledon ní ọdún 1877.

Ibi tó kan àwa onímọ̀ èdè nìyí. Ní àwọn ọdún 1880, Jones àti Nicholas Trist, ará New Orleans ní Amẹ́ríkà, ń polongo pé kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìdílé tó gùn lọ́wọ́ rẹ̀ máa sọ ìkẹrin láti òkè sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Bí mo bá sọ 7 sílẹ̀, káàdì méje ló ju 7 lọ nínú ìdílé náà: 8, 9, 10, valet, dame, roi àti as. Mẹ́ta nínú wọn wà lọ́wọ́ mi, nítorí pé 7 ni ìkẹrin. Ó ku mẹ́rin lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta yòókù. R. F. Foster gé e kúrú: ẹ yọ káàdì náà kúrò nínú 11, ìdáhùn dé. Káàdì kan ṣoṣo ti sọ odindi ọ̀rọ̀, ẹnu kò sì là.

Àwọn kan bínú nígbà náà pé àmì ti pọ̀ jù nínú eré. Ṣùgbọ́n Jones kò fi àmì náà pamọ́. Inú ìwé ló tẹ̀ ẹ́ sí, ọ̀tá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè ṣe ìṣirò kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àrokò wa. Ẹni tó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun fà mọ́ ẹni náà, nítorí pé ẹ̀fà àti fífà jọ ń dún pọ̀. Gbogbo ẹni tó gbọ́ èdè ló lè tú u. Ohun tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣe kò jọ èyí. Àmì ni tiwa náà, ṣùgbọ́n a mọ̀ọ́mọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí a jọ jókòó.

Jones kú ní ọdún 1899, bridge sì gba ipò whist lẹ́yìn rẹ̀. Ìlànà náà wá di òfin nínú bridge: àdéhùn yòówù tí ẹni méjì bá ní lórí ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe, àwọn alátakò ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ ọ́n.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi níbi tó ti ń tún alùpùpù ṣe. Mo ṣàlàyé etí àti ikọ́ fún un. Ó nu epo ọwọ́ rẹ̀ nù, ó ní: “Ọjọ́ kejì ni mo ti mọ̀. Mò ń retí kí o sọ fún mi ni.”

N kò rí ọ̀rọ̀ fi dá a lóhùn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, òun ni mo fi ṣe ẹnìkejì mi, a sì ta belote pẹ̀lú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ méjì. Wọ́n pa wá láyò.