Èbù Tí Bàbá Mi Fi Sí Ìtọ́jú Mi

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò bu iyì kún mi, ṣùgbọ́n mo gbà pé yóò ṣe ẹlòmíràn ní àǹfààní.

Ní ìlú wa, Ìjàrà-Ìsin, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, iṣu jẹ́ olórí ohun ọ̀gbìn. Òjò a máa dá ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, kì í sì í padà dáadáa títí di oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Láàárín ìgbà náà ilẹ̀ a le bí àpáta. Àwọn kan a máa gbin èbù sínú ebè kí ilẹ̀ tó gbẹ tán, wọn a sì fi koríko dé e lórí kí oòrùn má baà pa á. Ṣùgbọ́n èbù ti Bàbá mi a máa dúró de òjò.

Ọmọ ọdún 14 ni mí nígbà tí àìsàn dá Bàbá mi dùbúlẹ̀ ní ìgbà ọyẹ́. Ó pè mí, ó ní, "Èbù 600 ni ó wà lábẹ́ igi emi ní oko. Máa yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tí ó bá jẹrà, yọ ọ́ kúrò kí ó má baà ran èkejì. Èyí tí ó bá tètè hù, ṣẹ́ ọ̀mùnú rẹ̀. Owó ilé-ìwé rẹ wà nínú wọn."

Oko jìnnà, bọ́ọ̀lù gbígbá sì dùn mọ́ mi. Mo ru gbogbo èbù náà wá sí ilé, mo kó wọn jọ sínú iyàrá kan tí a fi páànù bò, mo sì ti ilẹ̀kùn nítorí ewúrẹ́ àti olè. Ní ojú ara mi, mo gbọ́n ju àgbà lọ. Nígbàkúùgbà tí Bàbá mi bá bèèrè wọn, èmi a dáhùn pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá, gbogbo wọn ni ó yè." Bẹ́ẹ̀ ni n kò ṣí ilẹ̀kùn náà ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ.

Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, Bàbá mi gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ó bẹ̀ ọ̀wẹ̀. Àwọn ará àdúgbò kọ ebè 600 fún wa. Ní ọjọ́ tí a fẹ́ gbìn, a ṣí ilẹ̀kùn. Òórùn ìdíbàjẹ́ ni ó kọ́kọ́ pàdé wa. Àwọn mìíràn ti jẹrà. Àwọn mìíràn ti yọ ọ̀mùnú gígùn, funfun bí òwú, ara wọn sì ti rọ. 190 péré ni ó ṣe é gbìn.

Bàbá mi kò nà mí. Ó mú mi lọ sí oko, ó ní kí n ka ebè tí ó ṣófo. Mo kà wọ́n dé 410. Nígbà náà ni ó pa òwe pé, "Ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún èbù tí ó pè é ní igba, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́." A gbin àgbàdo sórí àwọn ebè náà. Èmi sì jókòó sí ilé fún ọdún kan gbáko láìlọ sí ilé-ìwé.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ́ nínú ìwé ohun tí Bàbá mi mọ̀ láìka ìwé. Iṣu tí a wú a máa sùn fún oṣù 2 tàbí 3, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí ó ti ń sùn ni ó ń mí. Ooru a máa gé oorun rẹ̀ kúrú, ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí a sì máa mú un jẹrà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn a máa hú igi ápù àti igi róòsì nígbà tí ewé wọn bá ti wọ́. Wọn a gbọn erùpẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò, wọn a sì fi erùpẹ̀ tí ó tutù bò ó títí oko yóò fi ṣe é gbìn. Òtútù ni ó ń pa tiwọn mọ́. Ní ti iṣu, òtútù tí ó bá rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n 12 Sẹ́síọ̀sì lọ yóò bà á jẹ́. Ìbòòji àti afẹ́fẹ́ ni ó ń fẹ́. Ọ̀nà yàtọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a lè gbé sílẹ̀ kí a gbàgbé.

Nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́ ní ọdún náà, Bàbá mi kọ́ mi láti tú ebè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí n gé iṣu ńlá, kí n fi orí rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìtàkùn àti gbòǹgbò, kí n sì bò ó padà. Kí ìtàkùn tó gbẹ, ó ti ta èbù tuntun. Abẹ́ igi emi ni mo kó wọn sí, mo sì ń bẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láìpẹ́ a ó fi àwọn ọmọ ọlọ́mọ sí ìtọ́jú wa. Bí òbí bá bèèrè wọn lọ́wọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a ti ṣí ilẹ̀kùn wò kí a tó dáhùn pé gbogbo wọn ni ó yè.