Ọwọ́ Tí Rírẹ́ Ti Mọ́ Lára

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ bíríkìlà. Bí ojú kọnkéré kò bá dán, ọ̀gá mi kì í gbà á lọ́wọ́ wa. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo gbé dé Thamesmead ní London, òun náà ló sì kó bá mi.

Ilé mi kò jìnnà sí Birchmere Park. Ẹni tó bá ń nasẹ̀ yí adágún ibẹ̀ ká lè rò pé nítorí ẹwà àti pẹ́pẹ́yẹ nìkan ló ṣe wà níbẹ̀. Rárá o. Àbàtà ni ilẹ̀ yìí kí Greater London Council tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́lé sí i ní àwọn ọdún 1960, ó sì rẹlẹ̀ ju odò Thames lọ nígbà tí odò bá kún. Àwọn adágún àti ipa omi tó so wọ́n pọ̀ ló ń gba òjò dúró.

Èmi wá da kọnkéré bo gbogbo iwájú ilé mi, mo rẹ́ ẹ, ó ń dán. Láti ọdún 2008 ni òfin England ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ fi ohun tí kì í mumi bo iwájú ilé tó ju sùkúéà mítà 5 lọ kọ́kọ́ gbàṣẹ, àfi bí omi rẹ̀ bá ní ilẹ̀ tí yóò mu ún. N kò bi ẹnikẹ́ni. Òjò kan rọ̀, àgbàrá ọ̀dọ̀ mi ya wọ ilé aládùúgbò mi, ìyá àgbà ará Ìjẹ̀bú. Wọn kò bú mi. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, òjò ti ń rọ̀ kí o tó dé. Kò wọlé mi rí.”

Oorun dá lójú mi. Ọmọdé ni mí nígbà tí odò Ògùnpa ya n'Ìbàdàn lọ́dún 1980. Mo mọ bí ilé tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ ṣe ń rùn.

Mo fọ́ kọnkéré náà. Kọnkéré oníhò ni mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀: gíráńẹ́ẹ̀tì wẹẹrẹ, sìmẹ́ǹtì, omi ṣíún, láìsí yanrìn, kí nǹkan bí ìdá 15 sí 25 nínú 100 rẹ̀ lè jẹ́ ihò. Òkúta ni mo tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí omi lè sinmi níbẹ̀. Amọ̀ ilẹ̀ wa kì í tètè mumi, ni mo bá ki páìpù oníhò sáàárín òkúta náà.

Ọwọ́ mi ló bà á jẹ́. Mo tún rẹ́ ẹ! Sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ihò ojú rẹ̀. Nígbà tí mo dà á lẹ́ẹ̀kejì, n kò fi ọ̀rá bò ó. Omi inú rẹ̀ kéré, oòrùn fà á gbẹ kó tó gan, òkúta ń ṣí lábẹ́ bàtà. Owó ti tán lọ́wọ́ mi, ojú sì ń tì mí láti kí ìyá náà láàárọ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, mo yí rólà lé e, mo fi ọ̀rá bò ó fún ọjọ́ méje, mo sì kó tùrúẹ̀lì pamọ́. Lọ́jọ́ tí mo ṣí i, ìyá jáde sẹ́nu ọ̀nà wọn. Mo da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan sí i. Ó wọlẹ̀ níbi tí mo dà á sí gan-an.

Wọ́n wo ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn wọn, wọ́n wo ilẹ̀ mi.

“Tún òmíràn dà.”