Ẹ̀wà, Ẹ̀kọ àti Ọ̀nà Oko

Ọ̀nà oko ni kò jẹ́ kí àwa ọmọ àgbẹ̀ sanra. Mo fi ìyẹn ṣáájú nítorí mo mọ bí àwa àgbà ṣe máa ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá bi wá léèrè ohun tí a jẹ tí ara wa fi le, ẹ̀fọ́ yánrin àti àgbo la máa ń dárúkọ, a ó sì mi orí. Ẹ̀fọ́ yánrin dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní agbègbè Ìkọ̀lé tí mo ti dàgbà ṣáájú òmìnira, ọmọ ọdún mẹ́jọ ti dé odò kí ilẹ̀ tó mọ́. A ó pọnmi kún àmù, a ó gbá àgbàlá, kí a tó forí lé ilé ìwé, ẹsẹ̀ la sì fi ń lọ. Bí a bá dé, oko ló kù. Oko etílé kò jìnnà, ṣùgbọ́n oko kòkó wà nínú ẹ̀gàn, a ó sì ru ẹrù bọ̀: iṣu, igi ìdáná, ewé tí ìyá yóò fi pọ́n ẹ̀kọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tí apá rẹ̀ bá gbé e nínú wa á di ọmọ odó mú. Bí òṣùpá bá yọ, ó di bojúbojú, ó di ìjàkadì, ó di sùwé, títí ìyá á fi máa pariwo orúkọ wa láti ẹnu ọ̀nà.

Kò sí ẹni tó pè é ní eré ìdárayá. Ìyà ni òmíràn nínú rẹ̀, èmi ò sì ní parọ́ fún ọmọ ọmọ mi pé ẹrù iṣu wù mí í rù.

Ní ti oúnjẹ, àárọ̀ jẹ́ ẹ̀kọ àti àkàrà, tàbí iṣu tó kù láti àná. Lọ́sàn-án, bó bá jẹ́ oko la wà, iṣu sísun ni. A ó ha èédú ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, a ó máa tì í bọ epo pupa tí wọ́n bu iyọ̀ sí. Alẹ́ ni iyán. Èkìtì ni wá, ẹ má bi mí léèrè ìdí. Ọbẹ̀ iyán yìí ló ń bá àsìkò yí: yánrin, ẹbòlò, òdú, wọ́rọ́wọ́, gbúre, tẹ̀tẹ̀, ewúro nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú. A kì í rà wọ́n. Etí odò àti ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kó sinmi la ti ń já wọn, ọmọdé ló sì ń já wọn. Òjò àkọ́rọ̀ á mú olú wá, á sì lé ìgbín jáde. Ẹ̀wà kì í wọ́n nílé: a sè é, a lọ̀ ọ́ ṣe mọ́ínmọ́ín inú ewé, a fi ṣe ẹ̀kuru. Ẹni tó bá fẹ́ ohun dídùn, kó gun igi. Àgbálùmọ̀ nígbà ọyẹ́, ìyeyè nígbà òjò, ọsàn, gúrọ́fà, àti ẹran funfun tó bo kóró kòkó, èyí tí a máa ń lá nígbà tí àwọn bàbá bá ń fọ́ kòkó. Ṣúgà onígun wà nínú agolo bàbá fún tíì àlejò, a sì mọ iye tó kù níbẹ̀, nítorí bàbá náà mọ̀ ọ́n. Ìrẹsì di Kérésì, ó di Àjíǹde, ó di Iléyá lọ́dọ̀ àwọn mùsùlùmí àdúgbò. Mínírà kan ṣoṣo la ń pín lọ́jọ́ ọdún. Ẹ̀gbọ́n ni yóò kọ́kọ́ mu, ẹni tó kéré jù á sì gba ìgò náà lá.

Ọmọ ọwọ́ a máa mu ọmú ju ọdún méjì lọ, bàbá á sì yẹra fún ìyá títí wọn yóò fi já ọmọ náà lẹ́nu ọmú. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi èyí ṣe ẹlẹ́yà lónìí, bẹ́ẹ̀ òun ni ìfètò-sọ́mọ-bíbí wa kí nọ́ọ̀sì kankan tó wá.

Ibi tí ìtàn àwọn àgbà máa ń dúró sí nìyí. Èmi ò lè dúró níbẹ̀, nítorí mo rántí àwọn tí a kò jọ dàgbà. Ẹran inú àwo ọmọdé kò tó ìka, ti bàbá ló pọ̀. Wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè, adìẹ ilé ń yé, ẹyin ń lọ sọ́jà. Ẹ̀kọ ṣíṣàn tí ìyá ń fi ọwọ́ rọ ọmọ lẹ́nu, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú báyìí, tí èéyi wá kọlù ú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, irun rẹ̀ á pupa, ilé á sì ní àbíkú ni.

Ìmẹ̀sí-Ilé kò jìnnà sí wa. Òkè-Mẹ̀sí Èkìtì ni aládùúgbò rẹ̀. Ibẹ̀ ni dókítà òyìnbó kan, David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, lọ ní nǹkan bí 1957, tí òun àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ ń wọn àwọn ọmọ ìlú náà láti ìgbà tí wọ́n bí wọn títí wọn yóò fi pé ọdún márùn-ún. Ohun tí wọ́n rí kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀mí àìrí. Èéyi, ikọ́ líle, ìgbẹ́ gbuuru àti ebi ni wọ́n jọ ń di ọmọ mú, ìwọ̀n ọmọ sì máa ń dúró lójú kan kí àìsàn náà tó hàn síta. Morley wá ya káàdì kan tí ìlà méjì wà lórí rẹ̀: bí wọ́n bá ti wọn ọmọ, wọn á fi àmì sí i, ìyá á sì rí i bóyá ọmọ òun ń gòkè. Ìyá ló ń tọ́jú káàdì náà fúnra rẹ̀, nínú lailọ́ọ̀nù kí òjò má pa á. Láti àárín wa níhìn-ín ni káàdì yẹn ti tàn káyé.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí a dá ìgbà náà padà, kó kọ́kọ́ dárúkọ èyí tó fẹ́ dá padà. Èmi ò fẹ́ ebi.

Bí nǹkan ṣe yí padà, kò sí ẹni tó rí i lọ́jọ́ kan. Títì dé, ọ̀kadà dé. Indomie wọ Nàìjíríà ní 1988, nígbà tó di 1995 wọ́n ti ń ṣe é ní Ọ̀tà, kò sì pẹ́ tó fi di pé ìyá tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ lè fi oúnjẹ síwájú ọmọ kí omi tó hó lẹ́ẹ̀kejì. N ò bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ jà. Ọlọ ìyá tèmi, kò sí ẹni tó fẹ́ padà sídìí rẹ̀. Láti 2011 ni yunifásítì àpapọ̀ ti wà ní Ọyẹ́, tí ọgbà rẹ̀ kan sì wà ní Ìkọ̀lé, owó sì ti ẹ̀yìn rẹ̀ wọ ọjà. Ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé aládàáni èyíkéyìí láàárín Ìfàkì sí Ìkọ̀lé lówùúrọ̀, kí ẹ wo inú ike oúnjẹ àwọn ọmọ: bisikíìtì, núdù, mínírà tàbí omi aláwọ̀ ọsàn tí ọsàn kò kàn. Ọ̀kadà ló gbé wọn wá, òun náà ni yóò gbé wọn lọ, tẹlifísọ̀n àti fóònù á sì gba ìyókù ọjọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé kí a dá wọn padà sọ́nà oko. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ọba méjì ni àwọn agbébọn pa lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé. Bàbá wo ni yóò rán ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ já ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ìyẹn? Ìjọba tí kò lè jẹ́ kí ọ̀nà oko wa ní àlàáfíà ti lọ́wọ́ sí ìsanrajù ọmọ wa, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Bí mo bá ní ìsanrajù ló ń ṣínà fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, àwọn kan á ní àrùn ìdílé ni wọ́n. Ní 1997, Richard Cooper, Charles Rotimi tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí baba ńlá wọn jọ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá. Níbí àti ní Kamẹrúùnù, ẹni 16 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní erékùṣù Karibíà, 26. Ní Amẹ́ríkà, 33. Bí ara wọn ṣe ń tóbi sí i láti ibi dé ibi ni ẹ̀jẹ̀ náà ń ga sí i. Ìdílé kan náà, àwo oúnjẹ ọ̀tọ̀.

Ìwádìí tó gbà mí lọ́kàn jù jáde ní 2024 nínú ìwé ìròyìn *Science*. Nígbà ogun Hitler, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fi ìwọ̀n pín ṣúgà fún aráàlú wọn, wọn kò sì jáwọ́ títí di oṣù kẹsàn-án 1953. Bí wọ́n ti tú u sílẹ̀ báyìí, ṣúgà tí ènìyàn kan ń jẹ lóòjọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Àwọn olùwádìí wá lọ wo àwọn tí wọ́n lóyún wọn ṣáájú ọjọ́ yẹn àti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí gbogbo wọn ti dàgbà. Àwọn tí ṣúgà wọ́n fún láti inú oyún títí di nǹkan bí ọdún méjì, ewu àtọ̀gbẹ wọn fi ìdá 35 nínú 100 kéré sí ti àwọn yòókù, ti ẹ̀jẹ̀ ríru sì fi ìdá 20 kéré. Ẹgbẹ́ mi ni wọ́n, ẹni àádọ́rin ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agolo tí bàbá mi tì pa, ìjọba ló bá wọn tì í.

Ṣùgbọ́n ebi náà ní ìwé tirẹ̀. Ní Enugu, wọ́n yẹ àwọn tí wọ́n bí nígbà ìyàn ogun Biafra wò ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà; ìwádìí náà jáde ní 2010. Àwọn tí ebi bá nínú oyún àti ní ìkókó ni ẹ̀jẹ̀ wọn ga jù, àwọn náà ló sì sanra jù nígbà tí oúnjẹ dé. Ara tó ti kọ́ láti fi díẹ̀ gbé ayé kì í mọ ohun tí yóò fi ọ̀pọ̀ ṣe. Ẹ wá ro ti àwa tí ìyá ìyá wa jìyà, tí ọmọ ọmọ wa ń mu mínírà lójoojúmọ́.

Bí oúnjẹ ṣe ń di àrùn kò ṣòro láti yé ni. Nínú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso, nǹkan kan wà tí ikùn kò lè dà, òun ló ń fa ṣúgà sẹ́yìn kó má baà ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mínírà kò ní in. Ṣúgà rẹ̀ á kàn ya wọlé ni, ẹ̀dọ̀ á sọ èyí tó ṣẹ́kù di ọ̀rá, ínsúlínì tó yẹ kó máa kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ á ṣiṣẹ́ títí tí ara kò fi ní í gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Iyán pàápàá, kí n sọ òtítọ́ bó tilẹ̀ dun Èkìtì, kì í pẹ́ di ṣúgà. Ẹ̀fọ́ tó yí i ká àti oko tó ń dúró dè wá lọ́jọ́ kejì ló ń bá wa bójú tó o.

Ní oṣù kẹsàn-án 2025, UNICEF sọ pé láàárín àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mọ́kàndínlógún lágbàáyé, àwọn tó sanra jù, 9.4 nínú 100, ti pọ̀ ju àwọn tó rù jù lọ, 9.2. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀ rí. Apá Áfíríkà tiwa yìí, gúúsù Sàhárà, wà lára ibi tí kò tíì yí padà, èyí ni pé àyè ṣì wà. Owó orí náírà mẹ́wàá lórí lítà mínírà kan, tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbà ní 2022, kò lè dá ìsanrajù náà dúró. Náírà mẹ́wàá kò ra súìtì kan mọ́.

Ọ̀rọ̀ mi sí àwa ìyá àgbà àti bàbá àgbà kò gùn. Ẹ jẹ́ ká yé e kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń sanra pé ó kú ìtọ́jú. Ẹ má sì pe ọmọ náà ní ọ̀róbó. Kì í ṣe òun ló ra oúnjẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹgbẹ́ òbí ní Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó, ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ọdún márùn-ún ni káàdì ìwọ̀n máa ń tán, láti ìgbà náà kò sí ẹni tó ń wọn ọmọ mọ́ títí àìsàn yóò fi gbé e lọ sílé ìwòsàn ìkọ́ni ní Ìdó. Ẹ ra ìwọ̀n kan sí ilé ìwé. Ẹ máa wọn wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wọn gíga wọn mọ́ ọn. Ẹ lé mínírà kúrò nínú ọgbà, kí ẹ sì fún ìyá tó ń ta ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín láyè rẹ̀.