Orúnkún Tí Yóò Kúnlẹ̀

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí kò mọ sí orí ọmọ nìkan. Ó kan ẹ̀rọ pẹ̀lú. Alágbẹ̀dẹ tí yóò rọ ọkọ́ fún àgbẹ̀ ní láti mọ irú ilẹ̀ tí àgbẹ̀ náà ń ro. Bákan náà ni ẹni tí yóò ṣe orúnkún fún ọmọ ènìyàn ní láti mọ ohun tí onítọ̀hún ń fi orúnkún ṣe. Iṣẹ́ ìwádìí ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mo fi gba oyè, òun náà ló sì kọ́ mi pé àṣà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irin àti ìṣirò nìkan ló lẹ́nu.

Ọmọ Ìkàrẹ́ Àkókó ni mí, owó ẹ̀rọ ìlọta sì ni bàbá mi fi tọ́ wa. Kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti mọ̀ pé bí bíárìn bá ti ń jẹ, ariwo ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ yí padà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pá irin tó ń yí nínú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, títí gbogbo ẹ̀rọ yóò fi máa jó lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo lọ gba oyè kejì ní yunifásítì, ohun tí mo ṣe ìwádìí lé lórí náà nìyí: bí ẹ̀rọ ṣe ń yí, bí ó ṣe ń gbọ̀n, àti bí agbára ṣe ń ti ara irin kan bọ́ sí ara òmíràn.

Ìtàn John Charnley ló mú mi kúrò ní ìdí irin lọ sí ìdí egungun. Oníṣẹ́ abẹ egungun ni ní ilé ìwòsàn Wrightington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń wá ọ̀nà láti pààrọ̀ oríkèé ìbàdí tí làkúrègbé ti bà jẹ́. Ike tí à ń pè ní Teflon ni ó kọ́kọ́ fi ṣe ihò tí orí egungun itan ń yí nínú rẹ̀. Ike náà ń yọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi jẹ, ó sì di dandan láti tún ọ̀pọ̀ aláìsàn ṣiṣẹ́ abẹ. Ní ọdún 1962, Harry Craven, òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń bá a ṣiṣẹ́, fi ike mìíràn tí í ṣe polyethylene sínú ẹ̀rọ ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ike yìí fi wà lẹ́nu iṣẹ́, síbẹ̀ kò jẹ tó iye tí Teflon ń jẹ láàárín ọjọ́ kan. Ní ọdún yẹn náà ni Charnley bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún aláìsàn. Orí irin roboto tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mìlímítà 22, tó ń yí nínú ihò ike: kí ni èyí bí kò ṣe bíárìn?

Orúnkún le ju ìbàdí lọ, nítorí kì í ṣe yíyí nìkan ni ó ń yí. Ó ń yọ̀, ó sì ń lọ́ díẹ̀ pẹ̀lú. Ní nǹkan bí ọdún 1970, Michael Freeman tí í ṣe oníṣẹ́ abẹ àti Alan Swanson, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù, pawọ́ pọ̀ ṣe orúnkún kan tí orúkọ àwọn méjèèjì wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn wọn, àwọn onímọ̀ ní Berlin fi ohun èlò ìwọnwọ̀n sínú orúnkún àtọwọ́dá, kí ó lè máa ròyìn ẹrù tó ń gbé láti inú ara. Bí ènìyàn bá ń rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹrù tó ń wà lórí orúnkún rẹ̀ tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀. Bí ó bá ń gun àkàsọ̀, ó lè ju ìlọ́po mẹ́ta lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ wá wo Ọ̀kà. Láyé ogun Núpé, orí òkè ni àwọn baba ńlá wa ní Àkókó ń sá sí. Ọ̀nà tó ń ti Ìkàrẹ́ gba Àkùngbá lọ sí Ọ̀kà ṣì ń yí òkè po títí di òní. Obìnrin tó ń ti oko bọ̀, tó ru iṣu sórí, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta, ẹrù orúnkún rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ẹni tó ń rìn nínú ilé.

Ṣùgbọ́n ẹrù kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà dé sí. Láti rìn, kí orúnkún ká dé nǹkan bí dígírì 70 ti tó. Láti jókòó sórí àga kí a sì dìde, nǹkan bí 100 ti tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó kúnlẹ̀ tí ìdí rẹ̀ kan gìgísẹ̀, orúnkún rẹ̀ ká dé 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú orúnkún àtọwọ́dá kì í sábà kọjá 110 sí 120. Ilé alága ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọmọ náà lórúkọ.

Ní ilé tiwa, ohun ńlá ni ìkúnlẹ̀. Àkúnlẹ̀yàn ni a pe ìpín tí a yàn wá sáyé. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni a fi ń bẹ̀bẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le koko. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó lọ́kọ sí Ọ̀kà mọ èyí jù mí lọ. Nígbà tí dókítà ní kí wọ́n pààrọ̀ orúnkún rẹ̀, èmi ni ó kọjú sí.

“Ọmọ mi, ìwọ tí o ka ìwé ẹ̀rọ, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé mo lè fi èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe yìí kúnlẹ̀ kí àwọn ọkọ mi?”

“Ẹ óò fi rìn dáadáa, Màámi. Ṣùgbọ́n ti ìkúnlẹ̀, n kò lè fi dá yín lójú.”

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. “Ó dára. Kí wọ́n ṣe ti ọ̀tún tó ń dùn mí jù. Kí wọ́n fi ti òsì sílẹ̀ fún mi. Ọ̀kan á máa rìn, ọ̀kan á máa kí ènìyàn.”

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò pa mí. Wọ́n ṣe ti ọ̀tún, ó sì ń fi í rìn lọ sí ọjà láìmú ọ̀pá. Ti òsì ṣì ń ro ó. Òun náà ni ó sì ń kún bí ó bá fẹ́ kí àgbà. Àwọn ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kí ó dẹ́kun ìkúnlẹ̀. Èsì rẹ̀ ni pé àwọn kọ́ ni òun ń kúnlẹ̀ fún. Ilé tí wọ́n ti tọ́ òun ni.

Láti apá ìparí àwọn ọdún 1990 ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ń ṣe orúnkún tó yẹ kí ó ká jù ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí àwọn ará Éṣíà àti Ààrin Ìlà-Oòrùn tó ń jókòó sílẹ̀, tó sì ń kúnlẹ̀ gbàdúrà. Ọ̀pọ̀ ìwádìí fi hàn pé èrè rẹ̀ kò tó bí wọ́n ti rò, nítorí bí orúnkún ti ń ká tó kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ àti bí iṣan rẹ̀ ti rí ní ipa tiwọn. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ti sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́, a sì gbọ́. Ta ni yóò sọ tiwa? Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ wọn ìkúnlẹ̀ ìyá yín, ẹ wọn ìdọ̀bálẹ̀ bàbá yín, ẹ wọn ẹsẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Ọ̀kà. Bí a kò bá kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, orúnkún tí a kò ṣe fún ìkúnlẹ̀ ni a ó máa rà.